Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Òndó: Ẹ Má Jẹ́ Kí Làkúrègbé Máa Bo Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró Mọ́lẹ̀

Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Òndó, Alágbàká, Àkúrẹ́. Àti sí gbogbo olùdarí ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, ní ìpínlẹ̀ wa.

Ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé èyí tí ìdílé wa kọ ní ìkọ̀kọ̀ ti gba èsì tí kò dáhùn ìbéèrè wa. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀wé sí wa pé àwọn ti yẹ fáìlì rẹ̀ wò, pé kílíníìkì tó ń rí sí oríkèé ara ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bó ti yẹ, pé kílíníìkì tó ń rí sí àyà náà ṣe tirẹ̀, àti pé àwọn ti pa fáìlì náà dé. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà níhìn-ín, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbòmíràn lọ́la, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìjà láàárín ìdílé kan àti ilé ìwòsàn kan. Ohun tó gbé mi dìde ni pé mo gbà wọ́n gbọ́. Kílíníìkì méjèèjì ṣe iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì ni kò ní ẹni tó ni ín, àárín yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi sì bọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹnu kan sìgá rí. Gàrí ló ń yan ní agbègbè Ìjù, ní Àríwá Àkúrẹ́, fún ohun tó lé ní 20 ọdún, nídìí agbada àti èéfín igi. Ẹni ọdún 44 ni nígbà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí kì í lè ká wọn kò lówùúrọ̀ títí oòrùn yóò fi ga. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bá a rí orúkọ àìsàn náà, rheumatoid arthritis, ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí gbogbo wa kó pọ̀ tí a ń pè ní làkúrègbé. Wọ́n fún un ní methotrexate, oògùn làkúrègbé tó ń lò ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń fi prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀, kún un nígbà tí ara bá ro ó gidigidi. Kò pa ọjọ́ kílíníìkì kan jẹ, bí owó ọkọ̀ tilẹ̀ ṣòro.

Ní ọdún kẹrìnlá àìsàn yìí, ní Oṣù Kẹta, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń rí sí oríkèé, tí wọ́n máa ń rí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní kó lọ bá àwọn tó ń rí sí àyà ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fún un ní káàdì mìíràn, nọ́ńbà mìíràn, fáìlì mìíràn. Wọ́n ya X-ray àyà rẹ̀, wọ́n ní ó mọ́. Àwọn ti Ọjọ́bọ̀ kò rí i kà nínú fáìlì tiwọn pé ọdún 14 ni obìnrin tó jókòó síwájú wọn ti fi ń bá làkúrègbé yí; àwọn ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò fojú kan X-ray náà. Nígbà tó di Oṣù Kẹjọ, tí ikọ́ kò lọ, wọ́n fi í sórí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò fi kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn. Mi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àrùn náà pọ̀ nílẹ̀ wa, oògùn làkúrègbé sì ń dín agbára tí ara fi ń bá a jà kù. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n lo oògùn oṣù mẹ́fà náà tán láìsí ẹni tó tún bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn ni èjìká rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lóru. Ó sọ fún àwọn ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní làkúrègbé ló ru sókè, wọ́n fi kún prednisolone rẹ̀. Ó rù, wọ́n ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń mú kí oúnjẹ má wù ú. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, pé bí làkúrègbé ti máa ń ṣe nìyẹn. Kò sí ìrora tó gbé dé ilé ìwòsàn tí kò ti ní orúkọ níbẹ̀ kó tó dé. Ìbàdàn la ti wá ya CT, àwòrán tó ń fi inú ara hàn kedere ju X-ray lọ, nígbà tí àbúrò wa kan ta ilẹ̀ rẹ̀. Jẹjẹrẹ náà ti kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó ti wọ egungun èjìká, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré la tún lò pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀gá wa, láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé, tí mo ń bi àwọn dókítà tó ní sùúrù léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn nǹkan tí mo rí nìwọ̀nyí, mo sì tò wọ́n kí ó lè rọrùn fún yín láti dá mi lóhùn.

1. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà pé àìsàn yìí kì í ṣe àìsàn eegun lásán. Èdè wa fi orúkọ kan bo àìsàn púpọ̀: orúnkún àgbàlagbà tó ti gbó, ẹ̀yìn tí ẹrù ti bàjẹ́, ọwọ́ tó ń wú, làkúrègbé ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo ń sọ yàtọ̀. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn yíjú padà, wọ́n ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 ènìyàn ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ káàkiri ayé, nǹkan bí 70 nínú 100 wọn sì jẹ́ obìnrin. Ìjà yìí máa ń dé ojú, ó ń dé ọkàn, ó sì ń dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tilẹ̀ gbà pé lára àwọn kan, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí oríkèé kankan tó wú, pàápàá níbi tí èéfín sìgá tàbí eruku bá ti ń yọ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀fóró á máa le díẹ̀díẹ̀, á máa di àpá bí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Àpá yìí kì í dunni. Ikọ́ gbígbẹ àti èémí kúkúrú ló fi ń hàn, ẹni tí orúnkún sì ń dùn kì í rìn jìnnà débi tí yóò fi mọ̀ pé èémí òun ti kúrú. Ẹ̀gbọ́n mi ti dẹ́kun àtirìn lọ sọ́jà fúnra rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta kí ikọ́ tó dé. Orúnkún ni gbogbo wa ń dá lẹ́bi.

2. Ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ga lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kì í sì í ṣe òní ni a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kó èsì ìwádìí púpọ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, wọ́n sì tún ṣe irú rẹ̀ ní 2015. Èsì méjèèjì bá ara mu: níbi tí a bá ti retí ẹni 10 tí yóò ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín àwọn ará ìlú, nǹkan bí 16 la ó rí láàárín iye ènìyàn kan náà tó ní rheumatoid arthritis. Ẹnìkan lè sọ pé sìgá ló fà á, nítorí pé sìgá ń fa àìsàn méjèèjì. Ìbéèrè tó tọ́ ni, wọ́n sì ti bi í. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 lórí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà fi ohun tó lé ní 72,000 tó ní àìsàn yìí wé ohun tó lé ní 600,000 tí kò ní in. Ewu àwọn tó ní in fi ohun tó ju ìdajì lọ ga ju ti àwọn yòókù, kò sì wálẹ̀ lára àwọn tí kò mu sìgá rí nínú wọn. Ní ti àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ń di àpá, ewu náà tó ìlọ́po mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn ológun wọ̀nyẹn, pé ìgbé ayé wọn kò jọ ti obìnrin tó ń yan gàrí ní Ìjù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bá ń tọ́ka sí ibì kan náà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó yẹ kí a yíjú síbẹ̀.

3. Orí èyí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́ jù, nítorí pé òun ló kan ikú àti ìyè: bí jẹjẹrẹ náà ṣe ń rí fún wọn lẹ́yìn tó bá ti mú wọn. Kò sí jẹjẹrẹ tó ń pa ènìyàn tó ti ẹ̀dọ̀fóró lágbàáyé. Ní 2022 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 ènìyàn ni wọ́n bá a lára wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 ló sì kú. Ìgbà tí a bá rí i ló ń sọ bí yóò ṣe rí. Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá rí i nígbà tí kò tíì kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lé ní 60 nínú 100 tó máa ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Tí ó bá ti fọ́n ká sára, wọn kì í ju nǹkan bí 10 lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń dá rírí rẹ̀ dúró, ẹ̀mí ló ń gbà.

Làkúrègbé ń dá rírí rẹ̀ dúró ní ọ̀nà púpọ̀. Ìrora egungun tí jẹjẹrẹ tó ti fọ́n ká ń fà jọ ìrora làkúrègbé, bó ti rí ní èjìká ẹ̀gbọ́n mi. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ sì lè mú kí oríkèé wú, kí ó máa dunni, kí orí ìka ọwọ́ wú róbótó, kí ó tó di pé ikọ́ kankan bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bá irú ìrora bẹ́ẹ̀ wá sí kílíníìkì oríkèé, fífi kún oògùn rẹ̀ ló rọrùn jù. Àìsàn náà tún lè gbé kókó kéékèèké sínú ẹ̀dọ̀fóró, kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tó jọ ọ́ nínú àwòrán, débi pé dókítà kan lè rí jẹjẹrẹ kó pè é ní kókó làkúrègbé, òmíràn sì lè rí kókó làkúrègbé kó já aláìsàn láyà lásán. Prednisolone pẹ̀lú lè mú kí ara tu ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìtura yẹn ni a rò pé ó jẹ́ ìwòsàn.

Nígbà tí a bá sì wá rí i, ọ̀nà ìtọ́jú há fún wọn ju fún ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti di àpá, dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń bẹ̀rù láti gé lára rẹ̀, nítorí pé èyí tó kù lè má tó o mí. Ìtànṣán tí a fi ń jó jẹjẹrẹ lè dáná sun ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń wú tẹ́lẹ̀. Àwọn oògùn tuntun kan wà tó ti yí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró padà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń tú ọmọ ogun ara sílẹ̀ kí wọ́n lè dojú kọ jẹjẹrẹ. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó jẹ́ pé ọmọ ogun ara rẹ̀ gan-an ni ìṣòro rẹ̀: irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè gba oògùn náà, ọ̀pọ̀ sì ń jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n làkúrègbé wọn lè ru sókè, ó sì ń fẹ́ kí dókítà oríkèé àti dókítà jẹjẹrẹ jọ jókòó sídìí aláìsàn kan náà. Nígbà tí wọ́n ń dán àwọn oògùn náà wò, irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni wọ́n sábà ń yọ kúrò, nítorí náà ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ fún wọn kò tó ti ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ pé níbi tí gbogbo nǹkan ti pé gan-an ni ọ̀nà ti há tó báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti ní láti ta ilẹ̀ kí a tó ya àwòrán?

4. Ewu tiwa ní Òndó ní ojú tirẹ̀. Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, àpáta ló yí wa ká, àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta sì wà káàkiri. Eruku òkúta tó ní silica, èròjà kan tó wà nínú òkúta, ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń fà símú níbẹ̀ láràárọ̀, ọ̀pọ̀ wọn láìbo imú. Ẹ̀ka tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi eruku yìí sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, láti 1997. Eruku kan náà yìí wà lára ohun tí a mọ̀ tó ń mú kí ènìyàn ní rheumatoid arthritis. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun pé eruku àti làkúrègbé máa ń pàdé nínú ẹ̀dọ̀fóró: ní 1953 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Caplan ti kọ̀wé nípa àwọn tó ń wa èédú ní Wales, tí kókó rìbìtì-rìbìtì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ní làkúrègbé nínú wọn. Ọmọ tó ń fọ́ òkúta lónìí lè máa ra àìsàn méjèèjì lọ́wọ́ kan.

Èéfín igi ìdáná náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀ka kan náà yẹn fi í sí ìsọ̀rí kejì, ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó máa fa jẹjẹrẹ, ó sì fi èéfín ẹ́ńjìnnì dísùùlù sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ní 2012. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹ ó bá ẹ̀rọ dísùùlù tó ń lọ gbágùúdá ní apá kan, ẹ ó bá agbada lórí iná igi ní apá kejì, ẹ ó sì bá obìnrin tó jókòó sáàárín méjèèjì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní etíkun wa ní Ìlàjẹ, ẹja ni wọ́n ń yan lórí irú iná bẹ́ẹ̀.

Ìlànà tí Amẹ́ríkà ń lò láti 2021 láti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n máa fi CT wá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára rẹ̀ ní kó jẹ́ ẹni ọdún 50 sí 80, tó ti mu sìgá tó páálí kan lójúmọ́ fún 20 ọdún, tó ṣì ń mu ún tàbí tí kò tíì ju ọdún 15 lọ tó fi í sílẹ̀. Kò sí làkúrègbé nínú ìlànà náà, kò sí èéfín igi, kò sí eruku òkúta. Mi ò bá wọn jà. Orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n wò kí wọ́n tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí àwa náà bá mú un bó ti wà, ẹ̀gbọ́n mi ì bá dúró síwájú ẹ̀rọ náà kí wọ́n sì dá a padà sílé.

5. X-ray tí wọ́n ní ó mọ́ kò tó ẹ̀rí. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, kó ohun tó lé ní 53,000 ènìyàn tó ti mu sìgá púpọ̀ jọ, wọ́n ń ya apá kan ní X-ray, wọ́n ń ya apá kejì ní CT tí ìtànṣán rẹ̀ kéré. Ikú tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fà fi 20 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi CT yẹ̀ wò. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023 sì sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fi X-ray wá àpá inú ẹ̀dọ̀fóró lára àwọn tó ní irú àìsàn yìí tí ewu wọn ga. CT àti àyẹ̀wò bí ènìyàn ṣe ń mí ni kí wọ́n lò. Ní tiwa, gbólóhùn “àyà mọ́” la fi ti ilẹ̀kùn.

6. Èyí kò gùn. Mo mọ rírì iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí jẹjẹrẹ ọmú ní ìpínlẹ̀ yìí. Ìyàwó gómìnà wa tẹ́lẹ̀, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun fúnra rẹ̀ la jẹjẹrẹ ọmú já, tó sì dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀ ní 1997, ti mú kí àwọn obìnrin lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate tó ń mú ọkùnrin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró kò ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún un, nítorí pé àwọn tó ní in kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

7. Ohun tí mo ń béèrè nìyí, Ọ̀gá wa. Mi ò béèrè pé kí wọ́n máa ya gbogbo ẹni tó ní làkúrègbé ní CT lọ́dọọdún. Ìtànṣán wà nínú rẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, kókó làkúrègbé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò sì dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán. Ohun tí mo ń fẹ́ kéré sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì gba owó.

Ẹ pàṣẹ pé kí fáìlì ẹni tó ní rheumatoid arthritis jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ilé ìwòsàn kan, kí káàdì rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Kí ìbéèrè mẹ́rin wà lójú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, tí wọn yóò máa tún bi ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: ǹjẹ́ o ń húkọ́, ǹjẹ́ èémí rẹ kúrú ju tẹ́lẹ̀, ǹjẹ́ o ń mu sìgá tàbí o ti mu ún rí, irú èéfín tàbí eruku wo ni iṣẹ́ rẹ ń gbé bá ọ. Kí dókítà sì gbọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń di àpá máa ń dún bí ewé gbígbẹ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí dókítà ń fi kọ́rùn sì tó láti gbọ́ ọ.

Ẹ fi òpin sí ìdúró. Kí ẹni tó ní àìsàn yìí tí ikọ́ rẹ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ìdí tó hàn, tàbí tó ń rù, tàbí tó ń wúkọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, gba ìwé CT lọ́wọ́ dókítà tó kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe lẹ́yìn kílíníìkì mẹ́ta. Kí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ gbé yẹ̀ wò ní oṣù kejì fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi sórí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ láìrí kòkòrò, tí ara rẹ̀ kò bá yá. Lórí èyí ni n kò lè gbà kí a dín nǹkan kan kù, nítorí pé oṣù mẹ́rin tó ṣẹ́ kù nínú oògùn ẹ̀gbọ́n mi ni èjìká rẹ̀ fi bàjẹ́.

Kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa san owó CT náà fún àwọn tí mo dárúkọ yìí. Wọn kò pọ̀ débi tí wọn yóò fi gbọ́n àpò ìjọba gbẹ.

Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wa wà ní ìlú Òndó láti 2015, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà oríkèé, ti àyà, ti jẹjẹrẹ àti àwọn tó ń ka àwòrán níbẹ̀ máa jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù lórí irú àwọn aláìsàn yìí, kí àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré náà sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ jẹjẹrẹ sí, bóyá aláìsàn náà ní làkúrègbé yìí tẹ́lẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, àti iye ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín ìgbà tó kọ́kọ́ sọ pé òun ń húkọ́ àti ìgbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ náà. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yẹ kí ẹni tí yóò kọ irú rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i rí ti Òndó fi kọ ọ́.

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kò sí lábẹ́ yín nìkan, mo mọ̀. Ẹ bá ẹlẹgbẹ́ yín tó ń rí sí àyíká sọ̀rọ̀. Omi tí a ń wọ́n sí òkúta bí wọ́n ti ń fọ́ ọ ń pa eruku, ìbòmú tó dáa ń ṣèrànwọ́, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró lọ́dọọdún sì jẹ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Kí ẹ sì bá àwọn oníkẹ́míìsì sọ ọ́ pé kí wọ́n yé ta prednisolone bí ẹni ń ta bisikíìtì fún gbogbo ẹni tó bá ní ara ń ro òun.

Mo ń retí èsì yín ní gbangba láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ sọ èyí tí ẹ ó ṣe nínú wọn, èyí tí ẹ kò lè ṣe àti ìdí rẹ̀. Káàdì ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà lọ́wọ́ mi, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú déètì gbogbo ọjọ́ tó lọ. Bí ẹ bá pè mí sí Alágbàká, n óò kó wọn wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àbúrò olóògbé,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.